Eyín Ìyá Àgbà Nínú Àgbọ̀n Ìyá Mi

Ohun tó máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe ohùn ládàánì. Eyín ni. Bí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá ti kírun àsùbáà tán, wọn á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọn á gbé àwo tánńganran tí ẹ̀kùrọ́ wà nínú ẹ̀ sórí itan, wọn á sì máa fi eyín pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́! Wọn á tu èèpo sílẹ̀, wọn á fi ahọ́n yí ọmọ inú ẹ̀ sẹ́yìn. Kọ́! Àwọn ìyàwó ilé tó ń gbálẹ̀ á ní, "Ìyá, ẹ rọra o, òkúta ń bẹ nílẹ̀." Wọn á dáhùn pé ẹni tí kò léyín ló ń wá òkúta kiri. Lẹ́yìn náà ni mo tó máa ń gbọ́ àwọn ohùn yòókù: ìgbálẹ̀ lójúde, omi bútà tó ń dà ṣùrùrù, asọ̀rọ̀mágbèsì ilé kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo látojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n eyín ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, kọ ìyẹn síwájú ohunkóhun, nítorí pé ọ̀rọ̀ eyín náà ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé funfun niyì eyín. Nílé tiwa, fífẹ̀ ni. Eyín Ìyá Àgbà fẹ̀ bí ẹnu ọkọ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ náà, kò nípọn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wàá rò pé wọ́n to pákó tuntun sẹ́nu. Àgbọ̀n wọn gbòòrò, ó gba gbogbo eyín náà láìsí ìjà. Bàbá mi ní irú ẹ̀, àwọn arábìnrin bàbá mi náà ní irú ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá jókòó yí àwo ìkọ́kọrẹ́ ká tí wọ́n ń ṣàwàdà, ilé á mọ́lẹ̀. Ìyá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Efire ni ìyá mi, etí ọ̀sà, níbi tí bàbá tó bí wọn ti ń dẹ ìgèrè fún ẹja. Ẹnu wọn kéré, àgbọ̀n wọn ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀, eyín inú ẹ̀ náà kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ki, bí ọmọ àgbàdo tó gbó, kálukú dúró sáyè ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkèlè wọn kò ju ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu ẹ̀ lọ. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á máa jẹ òkèlè wọn díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá fi máa bojú wo àwo, ẹja ti tán.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti ń rán aṣọ kákí fún àbúrò mi ọkùnrin. Wọn kò rán tèmi. Obì Ìyá Àgbà ni ilé ìwé tèmi. Èmi ni mò ń bó o, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, kí n tó fi ewé tútù wé èyí tó dára sínú agbọ̀n. Ibi tí mo jókòó sí tí mò ń bó obì ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan eyín mi nísàlẹ̀ tí ó mì. Ọmọdé tí eyín ẹ̀ bá ń mì, inú ẹ̀ á dùn, ẹ̀rù á tún máa bà á. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí eyín tó bá yọ: ọmọ á kó o pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, á jù ú sórí òrùlé, á bẹ òrùlé pé kó fún òun ní tuntun, á sì pa ẹnu dé kí aláǹgbá má bàa rí àlàfo ẹ̀. Òrùlé wa, páànù ni. Eyín àwọn ọmọ bàbá mi tó ti dàgbà jù mí lọ, gbogbo ẹ̀ ló dún kọ̀ùn lórí páànù náà, Ìyá Àgbà a sì máa wí nínú yàrá pé, "Ó ti gbà á."

Tèmi kò dún. Kí eyín náà tó yọ ni ìyá mi mú mi lọ kí bàbá wọn ní Efire. A wọ lọ́rì dé Ìbíadé, a wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi ń fi ahọ́n ti eyín náà síwá sẹ́yìn bí atukọ̀ ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ilé bàbá àgbà mi wà lórí òpó létí omi, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó. Níbẹ̀ ni eyín ìsàlẹ̀ méjèèjì tó wà láàárín ti yọ, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Mo jù wọ́n sórí imọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Wọn kò dúró. Wọ́n yí gbirigbiri, wọ́n sì bọ́ sómi, pó, pó. Mo bú sẹ́kún. Bàbá àgbà mi tó ń tún ìgèrè ṣe ní ẹsẹ̀ àkàbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló kú? Ẹja ló gbé e. Ẹja ò ní jẹ ọ́ ní gbèsè, wò ó bóyá kò ní kó eyín tiẹ̀ fún ọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, èmi náà sì padà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn máa tẹ̀ lé wa délé.

Nígbà tí àwọn tuntun hù, wọ́n hù tòun tìjà. Eyín iwájú mẹ́rin ìsàlẹ̀ ni mò ń sọ, ti méjì tó bọ́ sómi àti ti méjì ẹ̀gbẹ́ wọn tó yọ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀kan yọrí síta sọ́dọ̀ ètè, ọ̀kan sá sẹ́yìn lọ bá ahọ́n, ẹ̀kẹta yí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń fi èjìká la ọjà kọjá, ẹ̀kẹrin wá gun un léjìká. Wọ́n funfun, wọ́n le, kò sí èyí tó ń dùn mí. Wọn ò kàn gbà síbi tí wọ́n wà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn lórúkọ ni Sìkírá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ìyá mi kì í pe Sìkírá lórúkọ, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyá mi wọlé. Sìkírá mú kùkù àgbàdo tí mo jẹ tán, ó gbé e sókè kí gbogbo ọmọ ilé rí i, ó ní, "Ẹ wá wo ojú eyín Sàfú! Ṣé àgbàdo ló jẹ ni àbí ó gun un lọ́bẹ?" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Eyín-ń-jà!" Sìkírá ní, "Ta ló ń là wọ́n?" Wọ́n jọ dáhùn pé, "Ahọ́n ni!" Láti ọjọ́ náà lọ, Eyín-ń-jà di orúkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo máa ń ya àgbàdo mi lọ́mọ kọ̀ọ̀kan kí n tó jẹ ẹ́, kí kùkù má bàa tú mi fó.

Ìyá Àgbà ló rí ọwọ́ tí mò ń fi bo ẹnu. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n yanu, wọ́n fi àtàńpàkò ti ètè mi sísàlẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Èétijẹ́? Kò sí irú èyí nínú ilé yìí rí." Wọ́n pe ìyá mi. "Ìyàwó, níbo ni ọmọ yìí ju eyín àkọ́kọ́ ẹ̀ sí?" Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí, òrùlé imọ̀ àti omi. Ìyá Àgbà lanu, wọ́n pa á dé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn. Eyín tó bọ́ sómi, omi ń gbé e lọ, omi ń gbé e bọ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí tuntun kò fi mọ ibi tí òun máa dúró sí. Eyín odò ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kò le rárá: kí wọ́n fa èyí tó yọrí síta, kí n jù ú sórí páànù ilé bàbá mi, bí òmíràn bá hù, á jókòó jẹ́ẹ́.

Jọ̀ọ́, má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ìkà ni Ìyá Àgbà. Wọ́n fẹ́ràn mi ju obì lọ. Orí ẹja tó bá bọ́ sínú àwo wọn, èmi ni wọ́n ń fún. Wọ́n gbà gbọ́ pé nǹkan mi bàjẹ́ nílẹ̀ òmíràn, àwọn sì fẹ́ tún un ṣe nílé. Èmi gan-an ń fẹ́ kí wọ́n fà á. Ọmọdé tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í ronú ìrora. Mo ti ń gbọ́ kọ̀ùn ẹ̀ lórí páànù. Ìyá mi nìkan ni ara wọn kò lélẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bẹ Ìyá Àgbà ní ìdí ààrò, níbi tí wọ́n ti ń rin ewùrà lójú páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. "Ìyá, eyín ọmú ti yọ, ti àgbà ló dé yìí. Kì í hù lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá fà á, ó lọ nìyẹn." Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ní Efire ni kì í hù lẹ́ẹ̀mẹta?" Ìyá mi ní, "Níbi gbogbo ni, Ìyá." Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ ló jù ú sómi, ìwọ ló tún mọ bó ṣe ń hù." Ìyá mi padà sídìí ewùrà wọn. Ewùrà nìkan ló ń dún lójú páànù, fọ́rọ́, fọ́rọ́, mo sì rí i pé wọ́n rin in títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìka. Bàbá mi ló lè dá sí i, ṣùgbọ́n inú igbó ni bàbá mi wà, wọ́n ń fi ayùn la gẹdú. Ìyá mi ránṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kó pákó pé kí wọ́n tètè wálé. Kí iṣẹ́ náà tó dé etí bàbá mi, Ìyá Àgbà ti ránṣẹ́ tiwọn sí onígbàjámọ̀ kan ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, bàbá kan tó rẹlẹ̀, tó gbé àpò awọ kọ́ èjìká. Ó tú àpò náà sórí ẹní: abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwo tí ó fi ń fa ẹ̀jẹ̀, àti ẹ̀mú kékeré kan tí ẹnu ẹ̀ ti dúdú. Nígbà tí mo rí ẹ̀mú náà, kọ̀ùn tí mò ń gbọ́ lórí páànù dákẹ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, àlejò kì í ṣiṣẹ́ kó tó jẹun. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un. Ìyá mi ló bù ú. Mo rí i pé wọ́n bù ú kún àwo tó tóbi jù lọ nílé, wọ́n sì to ẹja Efire gbígbẹ lé e lórí, irú èyí tó léegun púpọ̀, tí ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ rọra. Bàbá náà wo àwo, ó wo ìyá mi, ó ní, "Ìyàwó yìí lawọ́ o!" Ó fọ ọwọ́.

Nígbà tí ó ń yọ eegun lẹ́nu ni ìyá mi wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìyá, mo gbà. Kí wọ́n fà á. Ẹyọ ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Kò sí eyín tó dára tó tiyín ní gbogbo àdúgbò yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wọn ọ̀kan nínú ẹ̀, kí a lè mọ irú èyí tí a máa tọrọ lọ́wọ́ òrùlé." Ta ni wọ́n yin eyín ẹ̀ tí kò ní fi í hàn? Ìyá Àgbà ní, "Ìyẹn ṣòro ni?" Wọ́n yanu, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ìyá mi kò lè fọwọ́ kan ẹnu ìyá ọkọ wọn, nítorí náà èmi ni wọ́n gbé ìgbálẹ̀ lé lọ́wọ́. Mo gbé e lé eyín Ìyá Àgbà níwájú, mo fi èékánná sàmì sí ibi tó parí sí, ìyá mi ṣẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Gbé e lé tìẹ wàyí. Èyí tó fẹ́ lọ yẹn." Mo gbé e lé e. Ó ṣe rẹ́gí. Kò fi irun orí kan lé, kò fi irun orí kan dín.

Ìyá Àgbà ní, "Tún un wọ̀n." Mo tún un wọ̀n. Mo wọn èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó bá ti Ìyá Àgbà mu. Ìyá mi ní kí n mú ìgbálẹ̀ tútù tó ṣeé tẹ̀, kí n fi wọn gbogbo iwájú ìsàlẹ̀ Ìyá Àgbà, láti eyín ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ kan dé ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo gbé ìyẹn náà sẹ́nu ara mi. Kò wọlé. Ó yọ síta létí ẹnu mi bí ọ̀pá ìwọ̀. Ìyá mi gbà á, wọ́n fi wọn ẹnu tiwọn náà, ó yọ síta bákan náà, ibì kan náà ló ti yọ. Ẹní ni ìyá mi ń hun tà, ẹni tó bá ń hun ẹní mọ̀ pé ewé tó fẹ̀ tó sì fẹ́lẹ́, bí àyè ò bá gbà á, á yí ẹ̀gbẹ́ ni, á gun ìkejì ẹ̀. Èyí tó ki, tó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rọrùn láti yí. Wọ́n kàn na ìgbálẹ̀ méjèèjì sí Ìyá Àgbà.

Onígbàjámọ̀ dá ẹnu dúró, eegun ẹja wà láàárín ìka ẹ̀. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra, wọ́n fi àtàńpàkò pa eyín mi lójú, wọ́n fi pa ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n fi ahọ́n tọ́ tiwọn wò. Lójijì ni wọ́n pariwo, "Eyín mi rè é! Pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ rè é! Eyín mi ló wà lẹ́nu ọmọ yìí!" Wọ́n yíjú sí onígbàjámọ̀. "Bàbá, jẹun ẹ tán. Kò sí eyín fífà."

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí."

"Eyín odò ni mo ní kó o wá fà. Èyí kì í ṣe eyín odò, tèmi ni. Àbí eyín mi lo fẹ́ fà?"

"Kí n má rí i! Ẹnu tó ń jẹ ẹ̀kùrọ́ bí ẹ̀pà?" Ó padà sídìí ẹja ẹ̀.

Ìyá Àgbà wo ìyá mi láti orí dé àgbọ̀n, wọ́n mi orí. "Ìyàwó, àgbọ̀n ẹ yìí ló kéré jù. Eyín ti dé, kò bá ilé."

Ìyá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ bá mi fi orí jì í." Wọ́n tẹ orí ba bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n èmi tí mo wà nísàlẹ̀ rí ojú wọn. Ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, àti omi.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Ìyá Àgbà wà lọ́jọ́ náà lọ, mo sì máa ń rò ó. Wọ́n kúkú ní kí ìyá mi ṣì gbé ẹ̀bi náà dání, wọ́n kàn pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn ni. Nígbà èwe mi, ó máa ń bí mi nínú. Ìgbà tí èmi náà gbé ilé ọkọ ni mo tó mọ ohun tí ìyá mi rà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bi odò, ẹ̀mú ń bẹ fún un. Ẹ̀bi àgbọ̀n kò ní ẹ̀mú. Ìyá mi gbé èyí tí kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, wọ́n gbé e títí Ìyá Àgbà fi jáde láyé, wọ́n sì ń fi ṣàwàdà. Bàbá mi dé lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n gbé ayùn wọn sórí itan, wọ́n ní kí n wò ó dáadáa: wọ́n ti tẹ eyín kan sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ èkejì sósì, títí dé òpin. Wọ́n ní bí gbogbo ẹ̀ bá dúró gbọọrọ, igi á há a mọ́nú. Sìkírá tó ń gbọ́ ní, "Eyín-ayùn!" Orúkọ mi yí padà lọ́jọ́ náà, mo sì gba èyí, nítorí pé ohun èlò bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo jẹ àgbàdo lórí kùkù níwájú gbogbo wọn. Mo gbé kùkù náà fún Ìyá Àgbà, wọ́n yí i wò, wọ́n ní, "Tèmi nìyí, tìyá ẹ nìyí," bí ẹni ń pín ogún.

Àwọn eyín òkè mi ti lọ. Àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ yẹn ló ṣẹ́kù, wọ́n ṣì fi ara ti ara wọn bí àwọn arúgbó tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ìwọ tí ò ń kọ̀wé yìí, o rò pé n kò rí ọwọ́ tí o fi ń bo ẹnu láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. O ní dókítà eyín ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ pé àyè kò tó, kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n fi wáyà to ìyókù. Èmi kò ní kí o má lọ. Dókítà yẹn kò sọ fún ọ pé á hù padà. Òótọ́ ló bá ọ sọ, o sì tó ẹni tó ń yan ohun tó fẹ́ fún ẹnu ara ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè tún ilé ṣe kó bá ẹrù mu. Ṣùgbọ́n gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, já ẹyọ kan wá. Súnmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Yanu, jẹ́ kí n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fà nínú wa.